Nígbà tá ò mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí, kí là ń ṣe? Ẹ wá sọ tiyín

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agbègbè Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń dáko. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn jù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ máa ń dà wá láàmú. Á rọ̀ lóṣù kẹta, ilẹ̀ á tutù, ọkàn oníkálukú á sì fà sí oko. Ṣùgbọ́n ṣé òjò tó fẹ́ dúró nìyẹn, àbí èyí tó kàn yà kí wa? Ẹni tó bá tètè gbìn, tí òjò ò dá, àgbàdo tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dọ́jà, nígbà tó ṣì wọ́n. Tí òjò bá lọ tí kò padà, irúgbìn á hù tán, oòrùn á sì jó o mọ́ orí ebè.

Bàbá mi máa ń wo ewé igi, wọ́n á fetí sí ẹyẹ, wọ́n á ní ó yá tàbí kò tíì yá. Mo kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Mo tún ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún. Méjèèjì wúlò fún mi gan-an. Àmọ́ òjò lè rọ̀ n'Ìṣẹ́yìn kó má kan Òtu rárá.

N kì í wá ọjọ́ tó dájú mọ́. Mo máa ń gbin apá kan oko sí òjò àkọ́rọ̀, mo sì ń fi ìyókù dúró di ìgbà tí òjò bá rọ̀ léraléra. Ẹ̀gẹ́ ń bẹ láàárín wọn, torí ó lè fara da ọ̀dá tó máa pa àgbàdo. Tí òjò bá sinmi lóṣù kẹjọ, mo ṣì ní ilẹ̀ tí mo fi pa mọ́ fún àgbàdo ìkejì.

Lọ́dún 2016 ni kòkòrò kan tó ń jẹ ọkàn àgbàdo wọ ilẹ̀ wa, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó dé oko wa, bàbá mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò ní rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà lóko kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń ṣí ewé, wọ́n ń fọwọ́ pa ẹyin kòkòrò náà.

Ìyá ọmọ:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀. Ẹ̀yin rí oko pín. Ọmọ ò ṣeé pín. Fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àìsàn sickle cell, ló ń bá ọmọ mi fínra. Ó lè fi ẹ̀rín sùn, kí ìrora eegun jí i lóru. Ó ń lo folic acid àti oògùn tó ń dènà ibà, ó ń mumi dáadáa, a kì í jẹ́ kí òtútù mú un. Ìyẹn ń dín in kù, kò dá a dúró.

Ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ sí Olúmọ l'Abẹ́òkúta. Mo ní kò ní lọ. Ó bi mí pé, "Màmi, tí mo bá jókòó sílé, ṣé kò wá ní dùn mí mọ́ ni?" N ò rí èsì fún un. Mo di omi, súwẹ́tà àti oògùn ìrora sínú báàgì rẹ̀, ó lọ. Ó gùn ún débi tí agbára rẹ̀ mọ, ó jókòó wo ìlú. Nígbà tí ìrora padà dé, ilé ló ti bá a, lórí bẹ́ẹ̀dì, níṣojú mi.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:
Mo gbà fún yín, Màmá. Ọmọ àbúrò mi náà ní i. Kí lẹ máa ń sọ fáwọn olùkọ́?

Ìyá ọmọ:
Kí wọ́n jẹ́ kó mumi nígbàkígbà, kí wọ́n má bá a wí tó bá ń lọ tọ̀ léraléra. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ilé ìwé bá jáde. Àti pé kí wọ́n jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á jókòó fúnra rẹ̀.