Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ àti ohun tí Màámi gbọ́

Ọmọ Ìsokùn, Iléṣà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí a jọ sọ ìrírí wa nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá wa sọ nílé ìwòsàn, èyí tó yé wa àti èyí tí kò yé wa. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti sọ fún Màámi pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Èmi ni mo gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ di wọn lápá, wọ́n kọ 170 lórí 100 sínú káàdì, dókítà kọ oògùn, a rà á, a padà sílé. Ọkàn mi balẹ̀ pé a ti ṣe ohun gbogbo tó yẹ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn, mo bá páálí oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ju ìdajì lọ tó ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ ò lo oògùn yín?" Wọ́n ní, "Mò ń lò ó kẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ru ni mo máa ń lò ó. Tí inú bá bí mi, tí ara mi gbóná, tí orí ń fọ́ mi, màá lo ẹyọ kan. Ara mi tutù lónìí bí omi inú àmù."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún wọn. Nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, Màámi sì gbọ́ pé ó ń ru. Ṣùgbọ́n lójú wọn, ohun tó bá ń ru gbọ́dọ̀ hàn síta. Ẹmu tó bá ń ru, ìfófò rẹ̀ á yọ sẹ́nu akèrègbè. Òkun tó bá ru, ẹni tó wà létí rẹ̀ á gbọ́. Àìsàn yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè gòkè dé 180 kí èèyàn máa jẹun, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa ná ọjà Atákúnmọ̀sà, nígbà tó ti ń ba kíndìnrín àti ọkàn jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ rọpárọsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń tó mọ̀. Orúkọ tí a ń pe àìsàn yìí lédè wa ló ṣi Màámi lọ́nà, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀, títí kan èmi tí mo kàwé.

Nígbà tí a padà lọ, nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó ti Màámi lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ò gbóná o. Ńṣe ló ń fi agbára sáré, bí ìgbà tí a bá tú omi ẹ̀rọ sílẹ̀ tán pátá sínú rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi. Rọ́bà ò ní pariwo. Ọjọ́ tó bá bẹ́ lẹ máa tó mọ̀. Oògùn yìí ló ń bá yín dín omi náà kù, ọ̀la ló sì máa tún ṣí padà tí ẹ ò bá lò ó." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi wọ́n pé, "Tí ẹ bá délé, tí àbúrò yín bá bi yín pé kí ni mo wí, kí lẹ máa sọ?"

Màámi dáhùn pé àwọn á máa lò ó títí ẹ̀jẹ̀ á fi wálẹ̀, àwọn á wá dáwọ́ dúró. Mo ti ń retí kí nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ wọn, torí mo ti rí i níbòmíràn. Wọ́n kàn rọra ní, "Ọ̀rọ̀ mi ni kò já gaara. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ." Lẹ́ẹ̀kejì ló tó jáde lẹ́nu Màámi bó ṣe yẹ: ọ̀kan láràárọ̀, ara le o, ara ò le o. Láti ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀jẹ̀ wọn tó kọjá 140 lórí 90.

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti bàbá ọkọ mi ni ti àtọ̀gbẹ. Wọ́n á tọ̀ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á tún padà lọ wò ó bóyá èèrà ti ṣù bò ó. Tí èèrà ò bá sí, wọ́n á ní ṣúgà ti lọ, wọ́n á rẹ gààrì, wọ́n á da ṣúgà sí i. Ojú ń tì mí láti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ọkọ mi náà ń yẹra.

Apòògùn kan ní Lágeré ló là á yé wa. Kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 180. Bẹ́ẹ̀, ní àárọ̀ tí èèyàn ò tíì fẹnu kan nǹkan, 126 ti tó kí wọ́n pè é ní àtọ̀gbẹ. Èèrà ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Ọkọ mi wá gún bàbá níka ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí èèrà kankan. 164 ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà gbé jáde. Bàbá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Àwọn fúnra wọn ló ń béèrè fún un báyìí.

Atọ́jú-àgbà, Modákẹ́kẹ́

Iṣẹ́ títọ́jú àgbàlagbà nínú ilé ni mò ń ṣe. Bàbá tí mo kọ́kọ́ tọ́jú, rọpárọsẹ̀ ló gbé wọn dè. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, wọ́n sọ fún wa pé ká máa "yí wọn padà dáadáa" kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí wọn lára. Àwa gbọ́ pé àárọ̀ àti alẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wákàtí méjì-méjì ni. Wọ́n tún ní ká máa wò ó bóyá ara wọn pọ́n. Ara bàbá dúdú, kò lè pọ́n. Ńṣe ni gìgísẹ̀ wọn ṣú sí i, tó le, tó sì ń móoru tí mo bá fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa ṣí, egbò ti jìn wọnú. Bàbá ti lọ, kì í sì í ṣe egbò yẹn ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ní arúgbó tí kò lè dìde, ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìdí wọn lójoojúmọ́.

Bàbá Ìmẹ̀sí

Mo ka ti rọ́bà omi yẹn, inú mi dùn. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n bí mi sí, ní 1959. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà nígbà náà, ló ń bójú tó ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fàmì sínú káàdì, wọn ò sì tọ́jú káàdì náà sọ́fíìsì: ìyá ọmọ ni wọ́n ń kó o fún. Ìyá mi ò mọ Á yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé tí ìlà tó so àwọn àmì náà pọ̀ bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n tètè gbé mi lọ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló gba irú káàdì náà lò lẹ́yìn náà. Èwo wá ni ti àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba fáìlì lọ́wọ́ aláìsàn lónìí bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara tirẹ̀ ló wà nínú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Ìsokùn, ṣé Màámi ò tíì tún dáwọ́ oògùn dúró?

Ọmọ Ìsokùn, Iléṣà

Rárá o. Ẹ̀gbẹ́ pákò ni wọ́n gbé páálí náà sí, torí kò sí àárọ̀ tí wọn kì í rin orín. Lánàá, ìyá kan ládùúgbò wa ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ó yà kí wọn. Ó ń ka orúkọ oògùn lọ ràì. Màámi dá a dúró, wọ́n ní, "Gbé orúkọ sílẹ̀ ná. Kí ni wọ́n ní kí o ṣe? Tún un sọ fún mi."