Kí ni "Grand Cru" ń ṣe lára ìgò bíà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń ta ọtí ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́. Àbúrò mi kó ìgò mẹ́ta dé láti Bẹ́ljíọ̀mù: "Trappist", "Reserve" àti "Grand Cru". Ti Trappist yé mi, inú ọgbà àwọn mọ́ńkì (àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà) ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pọn ọ́n. Grand Cru ló rú mi lójú. Ọ̀rọ̀ wáìnì ilẹ̀ Faransé ni, òfin sì dè é níbẹ̀. Ṣé òfin de ti bíà náà, àbí ẹnu dídùn lásán ni?

Oníbàárà mi kan (bàbá tó máa ń fi àtàńpàkò nu ara ìgò kó tó kà á) ní ọtí tó bá le jù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo yí ìgò padà, 6% péré! "Reserve" ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ kí n tó dá iye lé wọn.