Nígbà tí ìta wọlé: iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ kí n tún ilé mi wò

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní ká sọ iṣẹ́ ọnà tó mú ilé àti ìṣẹ̀dá pàdé lójú wa. Tèmi kì í ṣe àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ògiri gan-an ló di àwòrán.

Ayafọ́tò kan wà tó ń jẹ́ Abelardo Morell. Kúbà ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti 1991 ló ti ń sọ odidi yàrá di kámẹ́rà. Á fi ọ̀rá dúdú dí fèrèsé pátápátá, á wá lu ihò kékeré kan sí i. Gbogbo ohun tó wà níta, igi, ojú ọ̀run, ilé iwájú, á yọ lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, á sì dorí kodò. Kì í ṣe idán. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣẹ́rí ní tirẹ̀, tààrà ló ń lọ. Èyí tó wá láti orí igi á gba inú ihò sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ògiri, èyí tó wá láti ilẹ̀ á gòkè.

Èmi náà dán an wò. Mo fi ọ̀rá dúdú tó nípọn bo fèrèsé yàrá mi, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yíká, mo lu ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, mo wá jókòó. Òkùnkùn biribiri. Ojú ní láti mọ òkùnkùn lára ná. Nígbà tó yá, mo rí àwọ̀ búlúù nísàlẹ̀ ògiri: ojú ọ̀run ni. Lẹ́yìn náà ni igi ẹ̀yìn ilé yọ, ó doríkodò lára kọ́bọ́ọ̀dù mi, ewé rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ewé yẹn ń mì nínú yàrá! Ẹyẹ kan fò kọjá lára ilẹ̀kùn.

Igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó kó débẹ̀, kọ́tìnnì ni mo sì máa ń ta sí i nítorí oòrùn. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ẹ̀ka rẹ̀ kan kì í mì bíi ti àwọn yòókù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: bí ihò bá tóbi, àwòrán á mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n á rí bàìbàì. Bó bá kéré, á já geere ṣùgbọ́n á ṣókùnkùn. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa ni kẹ́ ẹ ṣe é.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi rántí Earth Room (Yàrá Ilẹ̀), iṣẹ́ ọnà tí oníṣẹ́ ọnà Walter De Maria ṣe ní New York ní 1977. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, nínú yàrá ńlá tí ògiri rẹ̀ funfun: ilẹ̀ dúdú lásán ló kún ibẹ̀, ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 56, ìwúwo rẹ̀ sì lé ní kìlógíráàmù 120,000. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ ká ya fọ́tò. Gíláàsì tí kò ga ni wọ́n fi dínà, ibẹ̀ lèèyàn á ti máa wò. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Wọ́n máa ń bomi rin ín, wọ́n máa ń ro ó, wọ́n sì máa ń tu ohun tó bá hù. Ìyẹn dùn mí. Ilẹ̀ tó lè hu nǹkan, wọ́n ní kò gbọdọ̀ hù ú! Ṣùgbọ́n kí ni àwa náà ń ṣe, tí a ń da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá?

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fóònù lè ya àwòrán tó ń yọ lára ògiri nínú yàrá olókùnkùn yẹn?

* * *

Ó lè yà á, àbúrò, bẹ́ ẹ bá gbé e lé ohun tí kò ní mì, tẹ́ ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, fọ́tò Morell kan máa ń gbà tó wákàtí 5 sí 10. Ìdí nìyẹn tí ohun tó bá ń kọjá lọ kì í fi í hàn nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹyẹ, ojú yín ni kẹ́ ẹ fi wò ó.