Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ya máàpù ogun Pelennor tí kò ní rú èèyàn lójú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ máàpù yà. Ogun Pápá Pelennor, èyí tí wọ́n jà níwájú ìlú Minas Tirith nínú ìwé The Lord of the Rings tí Tolkien kọ, ni mo ń yà, ìwọ̀n ló sì ń dà mí láàmú jù. Odi tó yí pápá náà ká jìnnà tó líìgì 4 (líìgì 1 tó nǹkan bíi máìlì 3) sí ẹnubodè ìlú níhà àríwá-ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi ju líìgì 1 lọ lápá èbúté Harlond. Tí mo bá yà á bó ṣe rí gan-an, ẹlẹ́ṣin 6,000 tó wá láti ilẹ̀ Rohan láti gba ìlú náà sílẹ̀ á kéré bí eèrà. Tí mo bá fẹ̀ wọ́n, wọ́n á bo ìlú mọ́lẹ̀. (Ká má tiẹ̀ tíì dárúkọ àwọn erin ńlá tí àwọn ọ̀tá kó wá yẹn.)

Àkókò tún ni: àwọn ẹlẹ́ṣin gba àríwá wọlé láfẹ̀mọ́júmọ́, ọkọ̀ ojú omi Aragorn, tóun náà wá gbèjà ìlú, sì dé lẹ́yìn tí Théoden, ọba Rohan, ti kú. Àwọn ọfà tí mo fi ń tọ́ka ìrìn wọn ti lọ́ mọ́ra wọn pátápátá. Ṣé kí n pín in sí máàpù mẹ́ta ni, àbí ọgbọ́n wà tí ẹyọ kan fi lè gbà á? Inkscape, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán, ni mo ń lò. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.