Ìmọ̀ràn: jigsaw ẹranko wo ló yẹ àwọn ọmọ ọdún 5 sí 8 ní Ẹ̀pẹ́?

Tíṣà_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Jigsaw ẹranko, ìyẹn àwòrán tí wọ́n gé sí ègé kí ọmọ lè tò ó padà, ni mo ń wá fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ìsinmi. Mo fẹ́ kí wọ́n fi mọ oríṣiríṣi ẹranko, kì í ṣe kí wọ́n kàn tò ó tán kí wọ́n tú u ká. Ègé mélòó ló yẹ wọ́n? Àwòrán wo ni kí n rà, èwo ni kí n sá fún?

Àgbà_Olùtò:
Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà wa. Ọmọ ọdún 5, ègé 24. Ọmọ ọdún 6, 48. Ọdún 7 sí 8 lè gba 60 dé 100. Ẹ má fi 100 bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tí kò bá rí i parí ní ìjókòó kan kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá ń bá wọn wá, ẹ má jẹ́ kí ègé kékeré wà nílẹ̀, ó lè há a lọ́fun.

Ẹ wo ohun tí wọ́n yà sẹ́yìn ẹranko kí ẹ tó wo ẹranko fúnra rẹ̀. Erin aláwọ̀ eérú lábẹ́ òfuurufú aláwọ̀ eérú á sú ọmọ, gbogbo ègé ló jọra. Èyí tí ẹranko 8 tàbí 10 wà nínú rẹ̀, tí àwọ̀ kálukú yàtọ̀, ló dáa. Bí ibi tí wọ́n ti gé e bá la ojú ẹranko sí méjì, ẹ fi sílẹ̀. Ojú ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀dá_Abẹ̀mí:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àgbà, ṣùgbọ́n kí àwòrán jẹ́ òótọ́ ló jẹ mí lógún jù. Púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ń ṣi ọmọ lọ́nà. Wọ́n á ya béárì funfun àti penguin sórí yìnyín kan náà, bẹ́ẹ̀ ìhà àríwá ayé ni béárì yẹn ń gbé, ìhà gúúsù ni penguin wà. Wọ́n á ya ẹkùn abìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnnìún nínú igbó Áfíríkà. Éṣíà ni abìlà ń gbé. Ẹkùn tiwa, tótòtó ló wà lára rẹ̀. Wọ́n á kó àdán mọ́ ẹyẹ, àbùùbùtán mọ́ ẹja, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ń fún ọmọ wọn lọ́mú.

Ẹ ka ẹsẹ̀ kí ẹ tó sanwó: kòkòrò 6, aláǹtakùn 8, akàn 10 tí a bá ka ọwọ́ ńlá méjèèjì mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń ṣìṣe.

Ẹ má sì rà á ní kìnnìún, erin àti àgùnfọn nìkan. Nínú gbogbo irú ẹranko tó wà láyé, ó ju 95 nínú 100 lọ tí kò ní eegun ẹ̀yìn. Ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan tó irú 400,000 tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú fi díẹ̀ lé ní 6,000. Ó yẹ kí igbín, labalábá àti akàn wà nínú àwòrán yín.

Ọjà_Ìkòròdú:
Ẹ lè rí i rà ní Ìdúmọ̀tà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka ègé etí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Ègé 24 tí wọ́n gé ní 6 lọ́nà 4, etí 16 ni. 48 (8 lọ́nà 6), etí 24. 100 (10 lọ́nà 10), etí 36. Bí etí bá dín, inú náà lè ti dín.

Káfíńtà_Ọlọ́nà:
Tíṣà, èyí tí ẹ bá ṣe fúnra yín ló máa pẹ́ jù. Ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ àwòrán sórí sítíkà A3, ìyẹn 42 × 29.7 cm. Mo ní sítíkà torí pé bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ ìwé tí wọ́n fi íǹkì olómi tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàn. Ẹ wá plywood 3 mm, ẹ fi sáńpépà ha á kó dán, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀ dáadáa. Hóró iyanrìn kan lábẹ́ sítíkà, bí oówo ló máa yọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ lọ sí òdìkejì kí afẹ́fẹ́ má bàa há. Ẹ kun fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ mọ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sójú àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́. 6 lọ́nà 4 á fún yín ní ègé tó tó nǹkan bí 7 cm níhà kọ̀ọ̀kan. 8 lọ́nà 6, nǹkan bí 5 cm. Orí ègé gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ kó tó lè di ẹnìkejì mú, ṣùgbọ́n ọrùn tó bá tín-ín-rín jù á kán.

Káfíńtà yín á fẹ́ lo ẹ̀rọ iná rẹ̀. Ẹ ní kó má lò ó: abẹ rẹ̀ nípọn, ó ń jẹ igi lọ, ègé á sì máa ṣò. Coping saw eléyín wẹ́wẹ́, ìyẹn ayùn ọwọ́ tí abẹ rẹ̀ tín-ín-rín, ni kó lò. Kó fi eyín abẹ náà kọjú sí ọwọ́ tó fi dì í mú, kí ojú àwòrán wà lókè, kó máa fà á wálẹ̀. Igi á fọ́ lẹ́yìn, ojú á mọ́. Kó kọ́kọ́ gé e sí ọ̀já 4 gígùn, kó tó gé ọ̀já kọ̀ọ̀kan sí 6. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 220, ìyẹn oníhóró wẹ́wẹ́, ha ẹ̀yìn, kí ẹ kọ lẹ́tà kan náà sẹ́yìn gbogbo ègé tó jọ wà pa pọ̀, kí A má bàa dà pọ̀ mọ́ B.

Tíṣà_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èyí tó jẹ́ páálí ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í jẹ́ kí páálí pẹ́ níbí.

Àgbà_Olùtò:
Òótọ́ ni. Páálí ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú, ègé kò ní wọ ara wọn mọ́, àwòrán á sì máa ṣí láti igun. Inú nylon onísíìpù ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú páálí tó bá wá, kí ẹ sì fi àpò kékeré tó ń fa omi, tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sí i. Àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ fi àpò yẹn sẹ́nu o. Bó bá tutù, ẹ má sá a sóòrùn, á tẹ̀. Ẹ tò ó sáàárín ìwé tó wúwo nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ẹ̀dá_Abẹ̀mí:
Bí ẹ bá máa ṣe ti plywood, ẹ ya epìyà àti àrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Epìyà ní ìpẹ́, àrọ̀ kò ní. Kí irùngbọ̀n àrọ̀ pé 8, kí ọmọ lè kà á. Ẹ fi ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́, lékèélékèé àti akàn kún un, kí ẹ sì fi akika sí àárín gbùngbùn: ìpẹ́ bò ó, kò ní eyín, ìkán àti eèrà ló ń jẹ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ọmọ bá dé orí ègé yẹn, ẹ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni kó gbé e sí, ẹja ni àbí àdán.