Ẹ gbà mí o, báwo ni mo ṣe máa pa Pilates pọ̀ mọ́ irin gbígbé?

Ìyá Ìbejì Kabba: Ọ̀kún o gbogbo ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá yìí ni wọn ò ti jẹ́ n sinmi. Ọmọ mi tó wà l'Ábújá ló fi fídíò Pilates, eré ìdárayá orí ẹní tó ń fún iṣan ikùn àti ẹ̀yìn lókun, ránṣẹ́ torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, bàbá wọn wọlé ó ní ṣé oorun ni mo tún ń sùn láago mẹ́fà àárọ̀, kò tiẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀yìn náà ti sàn. Mo wá lọ san owó jíìmù, ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa ní kí n gbàgbé Pilates, irin nìkan ló ń fún èèyàn lágbára, ọjọ́ kìíní ló gbé irin lé mi léjìká tó ní kí n máa lóṣòó kí n máa dìde, òòyì kọ́ mi níṣojú gbogbo wọn. Mo sunkún délé. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì?

Ọmọ Yàgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí yín, ẹ ò sọ bí irin yẹn ṣe wúwo tó. Kí la fẹ́ fi dáhùn?

Màmá Mọ́pà: Èmi ti lé ní àádọ́ta, oko ni jíìmù tèmi. Iṣu tí mo ti rù láti oko wálé, irin wo ló tún kù? Ẹ máa lọ sóko jàre.

Ọmọ Yàgbà: Màmá, ẹrù orí yẹn náà ló ń ba ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìyá jẹ́ o.

Màmá Mọ́pà: Ẹ̀yìn tèmi ò bàjẹ́.

Físíò Lọ́kọ́ja: Ẹ kú ìrọ́jú mà. Méjèèjì ń bára wọn lọ. Ẹ lè gbé irin lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kí ẹ ṣe Pilates lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé, kí iṣan lè sinmi láàárín. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà ni, irin ni kó ṣáájú, torí bí Pilates bá ti tán iṣan ikùn lókun, kò ní lè di ẹ̀yìn mú mọ́ lábẹ́ ẹrù. Ẹ fi àga bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó ẹ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìgbé nǹkan kan. Bí ẹ bá ń dìde ẹ máa mí síta, ẹ má di èémí mú. Òòyì yẹn ńkọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni?

Ọmọ Ìjùmú: Pilates yẹn, ṣebí nǹkan àwọn obìnrin òyìnbó tí ò níṣẹ́ ni?

Ọmọ Yàgbà: Rárá o. Ọkùnrin ọmọ Jámánì tí wọ́n bí lọ́dún 1883 ló dá a sílẹ̀, Joseph Pilates. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́ àgọ́ nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó sì ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Contrology ló ń pè é.

Ìyá Ìbejì Kabba: Ọmọ ọdún 52 ni mí, mi ò sì kí ń ṣe ọ̀lẹ, èmi ni mo ń ti bárò gàrí mi lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ èémí fún mi, ṣe ni mo dì í mú gbọin.

Físíò Lọ́kọ́ja: Mà, ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ òòyì. Ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò?

Ìyá Ìbejì Kabba: Ó ti máa ń kọ́ mi kí n tó mọ jíìmù. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, wọ́n fún mi lóògùn, ara mi yá, mo fi í sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n má bàa máa gbé oògùn mì títí ayé.

Físíò Lọ́kọ́ja: Háà, mọ́mì! Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn o. Ẹ gbé irin sílẹ̀ ná. Èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, tó di èémí mú lábẹ́ ẹrù, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ yẹn máa fò sókè lójijì. Ara tó yá yẹn, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́la, ẹ jọ̀ọ́.

Màmá Mọ́pà: Àbúrò mi, ẹ tètè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe, apá ọ̀tún ẹ̀ ò gbé ṣíbí mọ́ títí dòní.

Ìyá Ìbejì Kabba: Mo ti dé. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 174/104 ni, ó ga. Wọ́n ti dá oògùn padà fún mi, wọ́n ní kí n máa rìn nìkan títí tí wọ́n fi máa rí mi lọ́sẹ̀ méjì. Ọmọ jíìmù yẹn lóun ò dá owó padà o.