Gọ́ọ̀mù wo ni yóò lẹ̀ mọ́ ara fún ọjọ́ 14 láì bó awọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀rọ kékeré tí ń ka bí ọkàn ṣe ń lù la ń ṣe. Àyà ni aláìsàn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ fún ọjọ́ 14. Gọ́ọ̀mù acrylic tí a kọ́kọ́ lò dúró gbọn-in, àmọ́ bí a bá ń ṣí i, ó ń bó awọ òkè lọ, pàápàá lára àwọn àgbàlagbà tí awọ wọn ti fẹ́lẹ́. Ìyá àgbà kan sunkún nígbà tí mo ń ṣí tirẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

A wá bọ́ sórí gọ́ọ̀mù silicone. Kò dunni rárá, ṣùgbọ́n bí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ bá ti làágùn, etí gọ́ọ̀mù náà á máa ká sókè kí ọjọ́ 5 tó pé.

Ṣé kí silicone wà láàárín, kí acrylic wà létí nìkan? Àbí kí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí i kí òógùn lè ráyè jáde?

Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isobornyl acrylate náà ń bà mí lẹ́rù: ó lè ti inú ike ẹ̀rọ wọ gọ́ọ̀mù, kí ara ẹlòmíì sì máa yún un. Báwo lẹ ṣe ń yẹ irú èyí wò kó tó kan ara èèyàn?